Ọ̀nà Òkun

Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ó mọ ìtàn bí ọba wa ṣe di Obòkun. Ojú Odùduwà fọ́. Ifá ní omi òkun ni a ó fi tọ́jú rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ, Ajíbógun ni ó gbà láti lọ, òun ni ó dé etí òkun, òun ni ó bù ú wálé tí ojú baba fi là. Apá kejì ìtàn náà ni a kì í sábà tẹnu mọ́: nígbà tí ó fi máa padà dé, àwọn yòókù ti pín ogún tán. Idà ni baba rí fún un. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, mo sì ti sọ ọ́ fún àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n mo ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún kí n tó fi ojú ara mi tọ ọ̀nà òkun láti ilé baba mi ní Ìwàrà. Ọ̀rọ̀ ogún náà ni ó sì gbé mi dé ọ̀nà ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ Ìwàrà yé yín, nítorí pé àwọn tí kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà a máa ṣì í mú. Bí mo bá ní ọmọ Ìwàrà ni mí, ẹnì kan á ní, 'Háà, Ìwáràjà, níbi tí ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ti yà kúrò lára ọ̀nà Àkúrẹ́.' Ẹlòmíràn á ní Ìfẹ̀wàrà. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìlú kékeré ni tiwa, ní ilẹ̀ Atákúmọ̀sà, nínú igbó tí àwọn baba wa sọ di oko kòkó. Kòkó ni ó rán mi nílé ìwé. Oko baba mi kò tóbi, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí a kì í sá kòkó sórí ẹní níwájú ilé, tí òórùn rẹ̀ kì í wọ inú aṣọ ilé ìwé wa. Odò kékeré kan gba ìsàlẹ̀ oko náà kọjá. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa fún un ní orúkọ mìíràn ju omi lọ. 'Mo ń lọ sómi' ni a máa ń wí, kò sì sí ẹni tí í béèrè pé omi wo.

Wúrà wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Èyí kì í ṣe ìròyìn tuntun. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni wọ́n ti ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà. Ní 2021 ni ibi ìwakùsà ńlá tí wọ́n ń pè ní Sẹ̀gilọlá, nítòsí Ìpéríndó, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà, òun ni a sì kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe àwọn wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tí mo ń wí ni àwọn tí ń gun alùpùpù wọ inú oko ẹni pẹ̀lú ṣọ́bìrì, ẹ̀rọ tí ń fa omi, àti owó nínú àpò náílọ́ọ̀nù. Etí odò ni wọ́n ń wú. Wọn a da erùpẹ̀ náà sórí pákó tí wọ́n tẹ́ nǹkan bí ẹní sí, wọn a máa da omi lé e. Wúrà tó wúwo a dúró, ẹrẹ̀ a bá odò lọ. Ẹrẹ̀ yìí, láti oríṣiríṣi odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ó pa Ọ̀ṣun láwọ̀ dà títí dé Òṣogbo, níbi igbó tí àjọ UNESCO ti kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹ rò ó wò: kí a sọ fún olùjọsìn pé kí ó má mu omi ẹni tí ó wá bọ.

Baba wa kú ní 2014. Ní 2023, àbúrò mi ọkùnrin gbé ìwé kan wá bá mi ní ilé mi ní yunifásítì. Àwọn kan fẹ́ yá ìsàlẹ̀ oko, láti etí odò dé ibi igi obì, fún ọdún méjì. Owó tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ju owó oṣù mi ti ọdún kan lọ. Àwọn àbúrò bàbá wa méjèèjì ti buwọ́ lù ú. Òun náà ti buwọ́ lù ú. Àyè tèmi ni ó ṣófo, nítorí pé èmi ni àkọ́bí, àwọn tí wọ́n fẹ́ ilẹ̀ náà kò sì fẹ́ ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àbúrò mi kì í ṣe olójúkòkòrò. Òun ni ó dúró tì Màmá nílé nígbà tí èmi ń lépa oyè. Òun ni ó ń gé àfòmọ́ kúrò lára kòkó, òun ni ó ń gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ní Iléṣà bí orúnkún rẹ̀ bá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mẹ́ta, dókítà sì ti sọ pé iṣẹ́ abẹ ni. 'Àǹtí,' ni ó wí, 'kì í ṣe pé mo fẹ́ ra mọ́tò. Ẹ wo ojú Màmá. Ẹ wo òrùlé.' Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa omi, nípa ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ti ṣe lóko, nípa Ọ̀ṣun. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó wá bi mí pé, 'Ìgbà wo lẹ dé oko kẹ́yìn?'

N kò lè dáhùn. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú baba wa ni.

Ní àkókò yẹn gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ń bẹ̀ mí pé kí n wá sí ìlú rẹ̀. Ayétòrò ni ìlú náà, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, láàárín igbó àti òkun. Ẹ̀ka-èdè àwọn èèyàn rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí, ó sì fẹ́ kí n gbọ́ àwọn àgbàlagbà fúnra mi kí wọ́n tó tú ká tán. N kò béèrè ohun tí ó pè ní títú ká. Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó wà mí lọ, pé nígbà tí a bá fi padà dé, n ó ti ní èsì fún un. Màmá gbọ́ pé òkun ni a ń lọ, ó rẹ́rìn-ín. 'Ẹ bù ú wá fún mi o,' ni ó wí. 'Bóyá tèmi náà á là.'

Ọjọ́ kan nínú oṣù Bélú 2023 ni a gbéra, aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù. A gba Iléṣà, a gba ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà títí dé Àkúrẹ́, láti ibẹ̀ a yà sí Oǹdó. Kò sí ohun tí mo lè sọ nípa ìdajì ọ̀nà yìí ju pé ihò rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti kúrò ní Oǹdó tí a kọjú sí gúúsù ni ìtàn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn mí. Ọ̀nà yìí, tàbí èyí tó fara pẹ́ ẹ, ni ó gba àwọn Ìjẹ̀ṣà là nígbà kan. Ìbàdàn fọ́ Iléṣà ní 1870. Ọ̀nà Èkó tó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Nígbà tó di nǹkan bí 1872, Glover, alákòóso Èkó tí àwọn baba wa ń pè ní Gólóbà, rí sí i pé ọ̀nà mìíràn là: láti Èkó lórí ọ̀sà lọ sí ìlà-oòrùn títí dé ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kí ó wá la igbó kìjikìji kọjá dé Oǹdó, kí ó tó yà sí Ifẹ̀, Iléṣà àti Èkìtì. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀, tí ó jà láti 1877 títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń gbà fi ìbọn ránṣẹ́ sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n S. A. Akíntóyè ti ṣe àlàyé rẹ̀ dáadáa nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà òkun, bóyá ìtàn mìíràn ni à bá máa sọ nípa Ògèdèǹgbé.

Mo ń sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Ó yí ọwọ́ mọ́tò kúrò níbi kòtò kan, ó ní, 'Àǹtí, ìbọn yẹn, kí ni wọ́n tà láti fi rà á?' Ìbéèrè tó dára gan-an ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá bi mí bẹ́ẹ̀, n ó yìn ín.

A dé Ọ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti dá ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967, a ré títì ńlá tó lọ sí Bìní kọjá, a kọjú sí Okìtìpupa. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ẹni tó dàgbà láàárín òkè bíi tiwa a máa fura sí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn igi gíga dín kù, ọ̀pẹ gba ipò wọn. Lẹ́yìn Okìtìpupa ọ̀pẹ náà fi àyè sílẹ̀ fún ògùrọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Afẹ́fẹ́ rọ̀, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ni lára. Ní Ìgbókọ̀dá ọ̀nà mọ́tò wa tán. Ẹja yíyan wà ní òkìtì òkìtì lọ́jà, èéfín rẹ̀ sì ti wọ inú gbogbo nǹkan, títí kan owó tí wọ́n fi ṣẹ́ ṣéńjì fún wa. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń dúró dè wá ní èbúté. A fi mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi onẹ́ńjìnnì.

Omi tí a kọ́kọ́ gbà dúdú bíi tíì tí a kò da mílíìkì sí. Ewé ògùrọ̀ àti ewé inú àbàtà ni ó ń rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì mọ́: ènìyàn lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àbúrò mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbé e sókè, ó wò ó. Kò sọ nǹkan kan. Mo mọ ohun tó ń rò, nítorí ohun kan náà ni èmi náà ń rò. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, iyọ̀ dé inú atẹ́gùn, igbó sì ṣí lójijì bí ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí orúkọ ìlú náà. Ayétòrò: ayé tòrò. A kì í sábà ronú pé ọ̀rọ̀ omi ni ọ̀rọ̀ yìí. Omi tí a pọn láàárọ̀, tí a gbé kalẹ̀ sínú ìkòkò, tí ìdọ̀tí rẹ̀ rọlẹ̀ tí òkè rẹ̀ sì mọ́ gaara, ni ó tòrò. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó ní 1947 jẹ́ Ìlàjẹ, ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀, tí àárín àwọn àti àwọn ará ilé wọn kò gún mọ́ nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Àpọ́sítélì Mímọ́ ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n sá dé etí òkun níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní bá wọn du, wọ́n ri òpó igi mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ilé lé e, wọ́n sì fi pákó ṣe òpópónà. Àpò kan ni owó gbogbo wọn ń wọ̀. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìlú ni ó ń bọ́ wọn, ìlú ni ó ń wọ̀ wọ́n láṣọ. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, iná mànàmáná sì ti ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lókè ilẹ̀ ṣì ń tan àtùpà. Nígbà tó fi di ìparí àwọn ọdún 1960, ètò àpò kan náà ti tú. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà, kọ ìwé lórí ìdìde àti ìṣubú ìlú yìí, ó jáde ní 1977. Ìṣubú tí ó ń wí ni pé kálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í di owó tirẹ̀ mú. Kò sí ìdí tí yóò fi rò ó pé irú ìṣubú mìíràn ṣì ń bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò. Ilé ìyá ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi ni wọ́n fi wá wọ̀ sí, ilé pákó onípáànù, ìlà kẹta sí òkun. Ó ti jẹ́ ìlà kẹjọ rí. Àwọn ìlà yòókù kò kúrò níbẹ̀ nípa títà tàbí wíwó. Etí òkun ibẹ̀ kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó tàbí ti Àgbádárìgì. Ẹrẹ̀ ni, ẹrẹ̀ rírọ̀ tó ń ṣẹ́ bí ọṣẹ dúdú tó ti pẹ́ nínú omi. Bí ìgbì bá lù ú, kì í wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo; á kàn yọ́. Àwọn onímọ̀ pín ẹ̀bi náà sí ọ̀nà púpọ̀: ayé tó ń gbóná tí òkun fi ń ga sí i, ilẹ̀ tó ń rì, iṣẹ́ epo rọ̀bì tó yí ọ̀nà omi padà. Ìjọba ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe. Àwọn ará ìlú lè sọ ọdún rẹ̀ fún yín, wọ́n sì lè sọ iye òkúta tí wọ́n rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú àbúrò mi lọ wo òpó mélòó kan tó yọrí nínú omi lọ́nà jíjìn. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ti ṣeré bọ́ọ̀lù.

Omi yí ìlú náà ká, kò sì sí omi mímu. Èyí ni ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Etí òrùlé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé ike àti àgbá sí. Bí òjò kò bá rọ̀, wọ́n a ra omi inú ọ̀rá láti Ìgbókọ̀dá. Ìyá arúgbó tó gbà wá sílé máa ń fi ife kékeré kan wọn omi fún wa láàárọ̀, kò sì jẹ́ kí ó dà. Lóru, ariwo òkun a máa wọ abẹ́ pákó tí a sùn lé lórí. N kò sùn dáadáa ní òru kìíní. Ní òru kejì mo sùn, èyí ni ó sì bà mí lẹ́rù nígbà tí mo jí: bí ó ti yá tó kí ó tó mọ́ mi lára.

Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n gbé e dé Ayétòrò ní ọmọdé, ó hun aṣọ nínú ilé iṣẹ́ ìlú, ó sì sin ìyá tirẹ̀ síbẹ̀. Ibojì náà ti lọ. Ní ọjọ́ kejì ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wa, akẹ́kọ̀ọ́ mi gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú rẹ̀, èmi sì mú ìwé lọ́wọ́.

Nínú ìpín tí Abíọ́dún Adétùgbọ́ ṣe sí àwọn ẹ̀ka-èdè wa ní 1967, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlàjẹ kò sí nínú agbo kan náà. Àárín Gbùngbùn ni tiwa, pẹ̀lú Èkìtì àti Ifẹ̀. Gúúsù-Ìlà-oòrùn ni tiwọn, pẹ̀lú Ìkálẹ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀ fáwẹ̀lì kan so wá pọ̀. Yorùbá inú ìwé kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àwa ń fi í bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ìwé pè ní ilé, ulé ni ní Ìwàrà. Ọdún 27 ni mo ti fi ń kọ u yìí sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Nígbà tí ìyá náà nawọ́ sí ojú òkun tó ní ibẹ̀ ni ilé òun àkọ́kọ́ wà, u yẹn ni mo gbọ́ ní ibẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, bí ẹni pé ẹnì kan pè mí láti ẹ̀yìnkùlé wa. Mo yára wo inú ìwé mi.

Ohun kan tún wà tó yà wá sọ́tọ̀. Ní apá Gúúsù-Ìlà-oòrùn, 'ẹ' àti 'wọ́n' ti di ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ní 'àn án wá', ó lè jẹ́ pé 'ẹ wá' ni ó ń wí, ó sì lè jẹ́ 'wọ́n wá'. Ẹni tó ń gbọ́ ni yóò fi òye gbé e. Ìyá náà sọ̀rọ̀ pẹ́ nípa bí òkun ṣe dé. Ó ní kò dédé wá lóru ọjọ́ kan. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ojúkojú, àwọn kan sì ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn, wọ́n sì ń padà lọ sùn. Nígbà tí a fi ohun tí mo kọ wé ti akẹ́kọ̀ọ́ mi ní alẹ́, tirẹ̀ kà báyìí pé, 'Wọ́n rí i tó ń bọ̀, wọ́n sì lọ sùn.' Tèmi kà pé, 'Ẹ rí i tó ń bọ̀, ẹ sì lọ sùn.' Mo béèrè èwo ló tọ̀nà. Ó ní, 'Mà, ìjọba àti àwọn agbaṣẹ́ṣe ni Màmá ń bá wí.' Mo gbà bẹ́ẹ̀. Òun ló ni èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ni ìyá náà ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, mo sì ti pa ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ mọ́ inú ìwé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, láìfa ìlà lé ọ̀kankan.

Òru ọjọ́ náà ni èmi àti àbúrò mi tó sọ̀rọ̀ tán. A jókòó sórí pákó ìta. Mo ti mú èsì mi dání: mo rò pé ohun tí a rí yóò ti sọ̀rọ̀ fún mi. Mo ní, 'Ṣé o rí ohun tí ó jẹ́ kí ilẹ̀ ẹni bọ́ mọ́ni lọ́wọ́?'

Ó ní, 'Mo rí i. Ìdí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí ẹ buwọ́ lùwé.'

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Ó ní, 'Àǹtí, ẹ wò wọ́n. Wọn ò tà á, wọn ò yá ẹnikẹ́ni, wọ́n gbàdúrà sí i. Kí ni wọ́n rí gbà lórí rẹ̀? Bí ẹnì kan bá ti fún ìyá yẹn lówó ní ogún ọdún sẹ́yìn, ṣé ilé rẹ̀ ò ní wà ní Ìgbókọ̀dá lónìí, kí ó máa mu omi kànga?'

Mo ní òkun kì í gbé ìwé wá kí èèyàn buwọ́ lù ú. Òkun kò bi ìyá náà. Àwa ni wọ́n bi.

'Ẹ́hẹ́n,' ni ó wí. 'Nígbà tí wọ́n ṣì ń bini.'

Mo ti kọ́ni ní ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ ìgbà tí ẹnì kejì bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni. N kò gbà pé ó tọ̀nà. N kò sì lè sọ pé irọ́ ni ó pa. Ohun kan náà ni a jọ rí, láti orí pákó kan náà, kálukú sì mú u lọ sí ibi tí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó wọlé. Kí a tó dìde, ó ní kí n má bínú pé òun bi mí léèrè ìgbà tí mo dé oko kẹ́yìn. Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo bu òkun sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan. Ìyá náà ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣàlàyé ìtàn Obòkun fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó sì sọ ohun kan tí mo gbọ́ láìsí ògbufọ̀: pé kí n bù ú dáadáa, òkun kò ní ṣaláì kù.

Alẹ́ ti lẹ́ kí a tó dé Ìwàrà. Màmá kò tíì sùn. Mo gbé ìgò náà lé e lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò nu ẹnu rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ ro. Ó ní kí a sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Àbúrò mi ni ó sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ ju bí èmi ìbá ti sọ ọ́ lọ: ọ̀nà pákó, òpó inú omi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ibi ìgbá-bọ́ọ̀lù hàn án. Kò fi ohunkóhun kún un, kò sì yọ ohunkóhun kúrò. Mo dúró kí ó dé orí ọ̀rọ̀ ìwé wa. Kò débẹ̀.

Màmá ní, 'Ìyá yẹn, níbo ló ti ń pọn omi mímu?'

Àbúrò mi ní òjò ni wọ́n ń dúró dè.

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, 'Bíi tèmi.'

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni kò ti mu omi wa mọ́. Àwọn tí oko wọn wà lókè odò ti gbowó. Àwọn awakùsà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Omi tó ń gba ìsàlẹ̀ oko baba mi kọjá ti pọ́n bí ẹrẹ̀ biríkì kí ìwé kankan tó dé ọwọ́ mi. Àbúrò mi mọ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní òun rò pé mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun.

N kò buwọ́ lu ìwé náà. N kò sì ya á. Ó wà nínú àpò tí mo gbé lọ sí Ayétòrò. Mo ta ohun díẹ̀, mo yá díẹ̀ lọ́wọ́ àjẹmọ́nú iṣẹ́ wa, a ṣe ojú ọ̀tún Màmá ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024. Òsì ṣì kù. Àwọn àbúrò bàbá wa kò bá mi sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ọdún Àjíǹde, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ọ́ lójú mi pé ẹni tó ń gba owó oṣù ni ó lè fẹ́ràn ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, mo ra àgbá omi onírọ́bà kan fún Màmá. Àbúrò mi ni ó lọ gbé e láti Iléṣà. Òun náà ni ó gun àkàbà, tí ó kan ọ̀nà omi onípáànù mọ́ etí òrùlé, èmi dúró nísàlẹ̀, mo ń na ìṣó sí i. Màmá jókòó, ó ń fi ojú kan wò wá, ó ní apá òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ jù. A tú u, a tún un kàn.